Ẹnu gíábọ́ọ̀sì ni a kọ́kọ́ wọ̀n: bí Golf 3 mi ṣe kúrò ní 1.8 tó di 2.0

Golf 3 mi, ti ọdún 1994, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Tí mo bá gbéra ní Challenge, n'Ìbàdàn, kí n tó dé Mọ́kọ́lá, àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi ti ń fi ọwọ́ bo imú. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ AAM sí lára, agbára ẹṣin 75. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra irú rẹ̀ gan-an, ká gbé e sí i lọ́jọ́ kan, kí n máa lọ. Mo ní bí a bá sáà máa fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù kọ́ igi, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé èyí tó lágbára jù ú lọ wọlé. Ọ̀gá wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì kọ́ ni wàhálà. Gíábọ́ọ̀sì ni kí ẹ lọ rò."

Mi ò rò ó. VR6 ló wà lọ́kàn mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì 2.8, sílíńdà mẹ́fà tó sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí kan ṣoṣo ló bo gbogbo wọn, agbára ẹṣin 174. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Volkswagen fúnra wọn fi í sínú Golf 3 láti ilé iṣẹ́, nítorí náà mo gbà pé ọmọ ilé kan náà ni, kò sí ìdí tí kò fi ní bá gíábọ́ọ̀sì tèmi mu.

Páálí ńdomí

Ká tó lọ sọ́jà, Ọ̀gá ní ká sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ná. Ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ féfé, ibi tó ti ń pàdé ẹ́ńjìnnì, ó wá ti ìka bọ ọ́ìlì dúdú, ó fi pa gbogbo etí ẹnu náà yí ká. Ó gbé páálí ńdomí kan lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Nígbà tó ṣí i, gbogbo ihò bọ́ọ̀tì ti hàn lára páálí bí òǹtẹ̀, pẹ̀lú ihò píìnì méjì tó máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì wà lójú kan náà. Ó fi abẹ gé e. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ní, "Ẹ gbé èyí lọ sí Araromi. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá bá a mu, ẹ bá wọn ná an. Èyí tí kò bá mu, ẹ má tiẹ̀ béèrè iye rẹ̀."

Ní Araromi, lẹ́bàá Gate, ẹni tó ní VR6 rí mi pẹ̀lú páálí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Alágbà, ṣé ẹ fẹ́ rán bùbá fún ẹ́ńjìnnì ni?" Mo gbé páálí lé ẹ̀yìn VR6. Ihò mélòó kan fẹ́ bọ́ sí i, ìyókù fi ojú pamọ́ sẹ́yìn irin. Mo yí páálí síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, ibì kan náà ni. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ VR6 ti kú.

Mo béèrè ohun tí màá ní láti ṣe bí mo bá taku. Ọkùnrin náà kò pa irọ́ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tèmi ni èyí tí àwọn Jámánì ń pè ní 020. Ọ̀pá irin ló fi ń gbé ọwọ́ gíá, kébù ló fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ń tẹ̀lé VR6 ni 02A: kébù ló fi ń gbé ọwọ́ gíá, háídírọ́líìkì ló fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ni pé màá pààrọ̀ pẹ́dà, màá pààrọ̀ ọwọ́ gíá inú ọkọ̀, ṣáàfù méjèèjì, síìtì ẹ́ńjìnnì, kódà bọ́ọ̀tì táyà VR6 márùn-ún ni, tèmi mẹ́rin. Èyí tó tún burú jù ni pé 02A tó wà lára ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin pàápàá kò lè wọ VR6, nítorí ẹnu tiwọn yàtọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ VR6, kó ra odindi ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ lára, kó kó ohun gbogbo láti inú rẹ̀. Owó mi kò dé ibẹ̀.

Mo tún gbé páálí lé ẹ̀yìn 1.4 kan tí wọ́n ní láti ara Golf 3 ló ti jáde. Kò mu bákan náà. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù lọ, torí ẹnikẹ́ni ì bá rò pé èyí tó kéré á wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdílé míì ló ti wá.

Ìgbà tí mo dé ìdí 2E ni ọkàn mi balẹ̀. 2.0, fáàfù mẹ́jọ, agbára ẹṣin 115, èyí tí wọ́n ń fi sínú GTI láyé ìgbà yẹn. Páálí jókòó sí i lára, gbogbo ihò là, píìnì méjèèjì yọ orí jáde. Ọmọ ìyá ni òun àti 1.8 mi. Ẹnu sílíńdà tèmi fẹ̀ tó mílímítà 81, písítìn sì ń rin 86.4, ti 2E jẹ́ 82.5, ìrìn písítìn 92.8. Wọ́n fẹ ihò díẹ̀, wọ́n fa ìrìn gùn, wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù. Mo rà á pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì tó wà lára rẹ̀. Mo gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, torí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé ẹnu.

Kílọ́ọ̀ṣì tó dorí kodò

Ní báyìí gíábọ́ọ̀sì di méjì: tèmi, tí màá pè ní Àgbà, àti èyí tó bá 2E wá, Àlejò. 020 ni àwọn méjèèjì. Ọ̀gá ní ká lo Àgbà ná torí pé a mọ ìtàn rẹ̀. Mo gbà.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ nípa 020 ni pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò jọ ti ọkọ̀ yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fúláìwíìlì, irin roboto wúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, ni ẹ máa kọ́kọ́ dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ó fi pléètì lé e, ẹ ó wá fi ìdérí kílọ́ọ̀ṣì bò ó. Níbí, ìdérí ló kọ́kọ́ lọ mọ́ ṣáàfù ẹ́ńjìnnì, pléètì tẹ̀lé e, fúláìwíìlì ló kẹ́yìn, òun ló sì kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Rílíìsì bẹ́rìn-ìn, èyí tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kó lè já, kò sí ní ẹnu gíábọ́ọ̀sì rárá. Ìdí gíábọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́yìn ìdérí kékeré kan, ó sì ń fi ọ̀pá tín-ínrín kan tó gba inú ṣáàfù oníhò kọjá ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́rìn-ìn náà kò nílò láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹni tó ro iṣẹ́ yìí gbọ́n.

Mo fi rúlà wọn pléètì méjèèjì. Ti 1.8 jẹ́ mílímítà 200, ti 2E jẹ́ 210. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù ní ká fi ti 1.8 tó wà nílẹ̀ sí i, torí pé ó ṣì tuntun. Mo kọ̀. 1.8 mi ń fi agbára Nm 140 yí ṣáàfù, 2E ń fi 166. Ẹrù tó ju tàtijọ́ lọ ni pléètì kékeré yẹn máa gbé, á máa yọ̀ lórí òkè. Ìdérí, pléètì àti fúláìwíìlì 2E ni a kó sí i lápapọ̀. Kí a tó gbé ohunkóhun sókè, mo mú pléètì náà, mo fi eyín àárín rẹ̀ bọ ṣáàfù Àgbà lórí ilẹ̀. Ó yọ́ wọlé, kò há, kò sì gbọ̀n. Bí eyín rẹ̀ kò bá bá ti ṣáàfù mu ni, ibẹ̀ yẹn là bá ti mọ̀, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀.

A tún rí i pé búùṣì tí imú kíìkìsìtátà ń wọ̀ nínú gíábọ́ọ̀sì ti jẹ di ẹyin. Nínú 020, gíábọ́ọ̀sì ni búùṣì yẹn ń gbé, kì í ṣe kíìkìsìtátà. Ó kéré bí òrùka, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú fò ó á máa pààrọ̀ kíìkìsìtátà tó dára lóṣooṣù.

Ọjọ́ tí a gbé gíábọ́ọ̀sì sókè, ó wọlé dé ibi tó ku ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, ó dúró. A mì í, a gbọ̀n ọ́n, kò lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan sáré lọ mú bọ́ọ̀tì gígùn méjì wá, ó ní òun á fi sípánà fà á wọlé. Ọ̀gá fi igbe ta: "Fi sílẹ̀! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òdodo ló sọ. Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀tì fa gíábọ́ọ̀sì tí kò wọlé fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀: etí rẹ̀ á kán, àárín pléètì á wọ́, tàbí ṣáàfù á tẹ̀.

A sọ ọ́ kalẹ̀. Pléètì ni kò sí láàárín gbùngbùn nígbà tí a dè fúláìwíìlì lé e. Nínú kílọ́ọ̀ṣì tó dorí kodò yìí, ojú lásán kò lè rí i dáadáa, nítorí fúláìwíìlì ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo lọ bá káfíńtà tó wà lójú títì, mo ní kó fá igi kan fún mi tí yóò kún ihò àárín fúláìwíìlì, kí imú rẹ̀ sì wọ eyín pléètì. Ó fá a, a fi í gbé pléètì sáàárín, a de bọ́ọ̀tì, a yọ igi. Gíábọ́ọ̀sì wọlé láìsí ariwo. Igi náà ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.

Ti wáyà, mi ò ní sọ púpọ̀. 1.8 mi ń fọ́n epo láti ojú kan ṣoṣo, 2E ń fọ́n ọn sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bíréènì-bọ́ọ̀sì àti wáyà 2E ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Oníwáyà lo ọjọ́ mẹ́rin, ó bínú lẹ́ẹ̀mejì. Síìtì ẹ́ńjìnnì mi gbé e láìsí wẹ́lídà.

Kíka ìyípo

Ọkọ̀ jí. Mo gbé e lọ sí Òkè Màpó, mo fi gíá kejì gùn ún bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn di ọjọ́ tí mo gba Express lọ sí Èkó. Nígbà tí mo dé 100 ní gíá karùn-ún, ẹ́ńjìnnì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀, mo sì ń wá gíá kẹfà tí kò sí. Dáṣíbọ́ọ̀dù mi kò ní aago ìyípo. Aago tó ń sọ àkókò ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀. Kò burú, mo mọ ìgbà tí mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ bá Àlejò níbi tó jókòó sí ní ìgun ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ti jẹrà, mi ò sì fẹ́ gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ. Ọ̀nà kan wà láti mọ bí gíá ṣe gùn tó láìtú gíábọ́ọ̀sì. Mo fi í sí gíá karùn-ún, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ṣáàfù ẹnu rẹ̀ àti sára ojú tí ṣáàfù táyà ọ̀tún ń dè mọ́. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ di ojú ti òsì mú pinpin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: bí apá kan bá dúró, apá kejì á yí lẹ́ẹ̀mejì fún ìyípo kan ṣoṣo tí dífúrẹ́ńṣà, èyí tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, bá ṣe. Nítorí náà mo yí i títí ojú ọ̀tún fi yí lẹ́ẹ̀ogún, ìyẹn ìyípo dífúrẹ́ńṣà mẹ́wàá, mo sì ń ka ti ṣáàfù ẹnu. Ó jẹ́ 27 àti ààbọ̀. Ìyẹn 2.75.

Mo ní láti sọ Àgbà kalẹ̀ kí n tó lè ka tiẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe jáàkì ọkọ̀ sókè, tí mo ń yí táyà, tí Ọ̀gá sì ń ka ìyípo púlì ẹ́ńjìnnì, a rí 31 àti ààbọ̀ sí mẹ́wàá. 3.15.

Táyà mi jẹ́ 185/60 R14. Ìyípo rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.81 lórí ilẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sá 100, Àgbà ń béèrè ìyípo bíi 2,900 láàárín ìṣẹ́jú kan, Àlejò ń béèrè bíi 2,500. Irinwó ìyípo yẹn ni ariwo tí mo ń gbọ́.

Ẹ̀rù bà mí pé Àlejò lè má lè gbéra lórí òkè. Mo ka gíá kìíní wọn náà: Àgbà 13.6, Àlejò 12.7. Mo wá fi agbára ẹ́ńjìnnì lọ̀ ọ́. 1.8 pẹ̀lú Àgbà láyé àtijọ́, 140 lọ́nà 13.6, ó lé díẹ̀ ní 1,900 ní ojú táyà. 2E pẹ̀lú Àlejò, 166 lọ́nà 12.7, ó lé ní 2,100. Gíá tó gùn jù, síbẹ̀ ó fa ọkọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó wà lẹ́yìn gíá kúkúrú dà bí àgbàlagbà tí wọ́n fún ní bàtà ọmọdé. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré jù.

Orí rífẹ́ẹ̀tì

Mo ní ká gbé Àlejò sí i lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ da ọ́ìlì rẹ̀ nù. Ọ́ìlì náà ń dán bí omi wúrà. Ohun kan já bọ́ sínú báńbà, ó dún "kọ̀ọ́". Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì fà á jáde: irin roboto, ó tó ẹ̀wà pupa méjì, apá kan rẹ̀ já ṣákálá.

Orí rífẹ́ẹ̀tì ni, ìṣó irin tí wọ́n ń lù lórí kó má lè yọ. Nínú 020, rífẹ́ẹ̀tì ni ilé iṣẹ́ fi kan gíá ńlá mọ́ ara dífúrẹ́ńṣà. Bí ọjọ́ bá pẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń fi agbára lù ú, wọ́n á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ jáde tán tó sì ń yí pẹ̀lú gíá á gbẹ́ ògiri gíábọ́ọ̀sì títí yóò fi lu ú. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi púlásítíìkì irin lẹ̀ lójú títì. Ó rìn dé Ìwó Road.

A gbé Àlejò lọ fún Bàbá onígíá, àgbàlagbà tó jẹ́ pé gíábọ́ọ̀sì nìkan ló mọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ọmọ mi, gbé e kalẹ̀, má sọ ìtàn." Ó tú u. Rífẹ́ẹ̀tì méjì ti já, òmíràn ti tú. Ó fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín orí wọn kọ̀ọ̀kan, ó fi díríìlì gé orí wọn, ó ti wọn jáde, ó sì fi bọ́ọ̀tì líle rọ́pò gbogbo wọn, tí kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀tì tú. Mo béèrè bóyá ká kàn pààrọ̀ àwọn mẹ́ta tó bàjẹ́. Kò dá mi lóhùn. Bẹ́rìn-ìn ẹ̀gbẹ́ dífúrẹ́ńṣà ṣì dára, ó dá wọn padà pẹ̀lú ìwé irin tín-ínrín tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìyí i, torí ìwé yẹn ló ń sọ bí bẹ́rìn-ìn ṣe máa fún tó.

Ojú tí ṣáàfù ń dè mọ́ ló tún kù. Ti Àgbà fẹ̀ tó mílímítà 90, ti Àlejò 100. Ṣáàfù mi kò lè bá a mu. Mo lè ra ṣáàfù ńlá, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ lápá táyà lọ́hùn-ún kò bá ọ́ọ̀bù tèmi, ibi tí táyà ń dè mọ́, mu, ìyẹn á sì tún fa ìnáwó míì. Bàbá ṣí ìdérí kékeré, ó yọ òrùka lọ́ọ̀kù, ó fa ojú 100 jáde kúrò lára Àlejò, ó fi 90 ti Àgbà sí i. Mo mọ̀ pé jọ́ìǹtì kékeré ni mo fi ń gbé 2.0 báyìí, nítorí náà mi ò kì í já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ìbínú. Lítà méjì ọ́ìlì gíá GL-4, 80W-90, la dà sí i.

Èyí tó kù

Ní 100 lórí Express, mo ti ń gbọ́ rédíò báyìí. Gíá kìíní àti rífáàsì kọ́kọ́ ń kọ̀ láti wọlé. Búùṣì oníke tó wà lára ọ̀pá gíá ló ti jẹ, a pààrọ̀ mẹ́ta, a tún ọ̀pá náà dè ní ojú tuntun. Rífáàsì ṣì máa ń ké díẹ̀ ní òwúrọ̀ bí mi ò bá dúró kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta kí n tó fi gíá sí i. Mo fura sí kébù kílọ́ọ̀ṣì, èmi yóò pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Páálí ńdomí yẹn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ọ̀gá ti kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ "020" sí i pẹ̀lú bírò pupa, àwọn oní-Golf mìíràn sì ti ń wá yá a lọ sí Araromi.